Ilẹ̀kùn ṣíṣí kì í ṣe ìyọ̀ǹda

Lẹ́yìn Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹjọ́ olè kì í wọ́n ní ọ́fíìsì àwa lọ́yà Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n yọ fóònù lápò ẹnì kan láàárín èrò. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé ẹlòmíì tó lọ wo àwọn ẹlẹ́ṣin. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé kí ẹni tí wọ́n jà lólè tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á ti bá a wí yó: "Ta ló ní kó o má tilẹ̀kùn?" Ará ilé ti sọ ọ́, aládùúgbò ti sọ ọ́, wọ́n sì ti fi kún un pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọbẹ̀. Ìtìjú a wá mú ẹlòmíì dákẹ́, kò ní dé àgọ́ ọlọ́pàá rárá.

Òwe yẹn dára kí nǹkan tó sọnù. Tí olè bá ti jà tán, a kò gbọ́dọ̀ fi dájọ́. Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, tí ìpínlẹ̀ Ògùn ń lò kò fi àìtilẹ̀kùn olóhun ṣe àwíjàre fún olè. Abala 410 tilẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fọwọ́ ti ilẹ̀kùn tí a kàn pa dé kó lè ṣí, tàbí tó fà á, tàbí tó gbé e sókè kó tó wọlé, ó ti fọ́lé nìyẹn, bí kò tiẹ̀ já àgádágodo kankan. Ẹni tó bá fọ́ ilé tí èèyàn ń gbé láti jalè lè fi ọdún 14 ṣẹ̀wọ̀n. Tó bá jẹ́ lóru, ó lè di ẹ̀wọ̀n gbére. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ̀sùn ilé fífọ́ lè má dúró, ṣùgbọ́n ti olè dúró digbí.

"Mo rí i he ni" náà kò gbani sílẹ̀, bí ọ̀nà bá wà láti mọ olóhun, tí ẹni tó rí i sì gbé e pamọ́. Ẹni tó wá rà á ńkọ́? Àwọn àgbà ní ẹni tó gbépo lájà kọ́ ló jalè, bí kò ṣe ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bákan náà: olè jíjà lásán, ọdún 3, ẹni tó gba ẹrù olè tó sì mọ̀ pé olè ni, ọdún 14, lábẹ́ abala 427.

Ṣùgbọ́n bí ohun tí olè kó lọ́wọ́ yín bá jẹ́ ti ẹlòmíì tó fi síkàáwọ́ yín, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ wo télọ̀ tó gba aṣọ rẹpẹtẹ lọ́wọ́ oníbàárà, tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọ kékeré, tó lọ jẹun. Olè kó aṣọ. Télọ̀ kò jalè, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ pè é lólè. Àmọ́ ó gba ohun olóhun sọ́wọ́, òun ló sì máa ṣàlàyé ìtọ́jú tó ṣe. Bó bá ti ṣọ́ọ̀bù dáadáa tí wọ́n fi irin já a lóru, ó ní ẹnu ọ̀rọ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò san owó aṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mẹkáníìkì tó fi kọ́kọ́rọ́ sára mọ́tò oníbàárà. Gbèsè ni tiwọn, ẹ̀ṣẹ̀ ni ti olè, ọ̀kan kò pa èkejì rẹ́.

Nítorí náà, ẹ lọ fi ẹjọ́ sùn kíákíá, ẹ mú rìsíìtì dání, àti nọ́ńbà IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, tàbí nọ́ńbà ṣáásì mọ́tò. Ohun kan wà tó máa ń ba ẹjọ́ jẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ: ìtìjú a máa mú èèyàn purọ́ pé wọ́n já kọ́kọ́rọ́. Ọlọ́pàá á débẹ̀, wọn ò ní rí ojú ibi tí wọ́n ti já a. Nílé ẹjọ́, lọ́yà olè á di irọ́ kékeré yẹn mú, á fi sọ gbogbo ẹ̀rí yín di irọ́. Bí ẹ kò bá tilẹ̀kùn, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.