Àyẹ̀wò Ọjọ́ Ajé Kò Lè Jẹ́rìí Ọjọ́bọ̀

"Mo ti ṣe àyẹ̀wò, wọn ò rí nǹkan kan lára mi." Ìgbàkígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sí yunifásítì nígbà tí àjàkálẹ̀-àrùn Kòrónà ṣì wà níta ni gbólóhùn yìí máa ń jáde, ó sì ti sú mi. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò purọ́. Ó ṣe àyẹ̀wò lóòótọ́, wọn ò sì rí i lóòótọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Yóò bọ́ ìbòmú, yóò dì mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ tó ti pẹ́ tí kò fojú kàn, wọn yóò kó ara wọn sínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, wọn yóò sì máa fi ọkàn ara wọn balẹ̀ pé gbogbo àwọn ló ti ṣe àyẹ̀wò.

N kò ní dúró lórí bóyá àrùn Kòrónà wà tàbí kò sí, tàbí bóyá ìbòmú wúlò, tàbí bóyá yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́ gba inú rẹ̀ sàn ju èyí tó há lọ. A ti kọjá ibẹ̀. Ọjọ́ ni mo fẹ́ ká jọ kà. Ọjọ́ wo ni kòkòrò wọ ara? Ọjọ́ wo ni wọ́n ki òwú bọ imú? Ọjọ́ wo ni ẹsẹ̀ tẹ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́? Ẹni tí kò bá tíì to ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí jọ kò tíì mọ ohun tí èsì ọwọ́ rẹ̀ ń sọ.

Kòkòrò yìí kì í wọlé lónìí kó sì kún imú àti ọ̀fun lónìí. Ó ní láti kọ́kọ́ bí sí i. Ní 2020, nígbà tí irú èyí tó kọ́kọ́ jáde ṣì ń jà, ọjọ́ 5 sí 6 ló sábà máa ń gbà kí àmì àìsàn tó yọ, ó sì lè tó ọjọ́ 14. Nígbà tí Omicron, irú kòkòrò yìí tó jáde lẹ́yìn náà, dé, ó dín kù sí bí ọjọ́ 3. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àkókò yẹn, kòkòrò ti wà nínú ara, àmọ́ kò tíì pọ̀ tó ohun tí òwú lè gbé jáde. Ẹ rò ó bí oyún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó lè wo ìyá rẹ̀ kó mọ̀.

Àwọn olùwádìí Yunifásítì Johns Hopkins ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 2020. Wọ́n kó àbájáde ìwádìí 7 jọ, wọ́n wo bí àyẹ̀wò PCR, èyí tí wọ́n ń ṣe ní ilé àyẹ̀wò, ṣe ń fo àrùn tó wà lára dá, láti ọjọ́ tí kòkòrò ti wọlé. Ní ọjọ́ kìíní, kò rí ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹrin, nínú 100 tí àrùn wà lára wọn, yóò fo 67 dá. Ní ọjọ́ karùn-ún, tí ibà tàbí ikọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, yóò fo 38 dá. Ọjọ́ kẹjọ ló dára jù, síbẹ̀ yóò fo 20 dá. PCR nìyẹn o, èyí tí gbogbo ayé gbà pé ojú rẹ̀ ríran jù. Iye tí mo kọ yìí lè yí díẹ̀ bí kòkòrò náà ṣe ń yí ara padà, àmọ́ bó ṣe ń lọ kò yí: ó fọ́jú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ sì ń là díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó lọ sí pátì ìdágbére ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó sì kó o níbẹ̀. Ó ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 3 lẹ́yìn pátì. Wọn ò rí i. Èsì jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó wọkọ̀ lọ́jọ́rú, ó jókòó ti àwọn tí kò mọ̀ rí fún wákàtí mélòó kan, ó sì wọ yàrá tuntun lọ́jọ́bọ̀. Ọjọ́ méjì kí àmì tó yọ ni ènìyàn ti lè máa kó o ran ẹlòmíì, agbára ìràn náà sì máa ń le jù ní nǹkan bí ìgbà tí àmì bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ wo nìyẹn fún akẹ́kọ̀ọ́ wa? Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ gan-an, tí ìwé èsì wà lápò rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ inú ọkọ̀ lọ́jọ́rú ló ti kó o, kí ni àyẹ̀wò ọjọ́ Ajé fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀?

Àwọn kan á ní Àjọ CDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ sọ pé àyẹ̀wò lè gé ọjọ́ ìyàsọ́tọ̀ kúrú. Bẹ́ẹ̀ ni, ó sọ ọ́ ní oṣù Kejìlá 2020. Àmọ́ ẹ ka gbogbo rẹ̀. Nígbà náà, ẹni tó ti sún mọ́ aláìsàn lè jáde lẹ́yìn ọjọ́ 7 bí wọn ò bá rí i lára rẹ̀, bó bá jẹ́ pé ọjọ́ karùn-ún sókè ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà. Àwọn ènìyàn gbé "àyẹ̀wò" dání, wọ́n fi "ọjọ́ karùn-ún" sílẹ̀ sọ́nà. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ló sì fún un ní ìtumọ̀. Ẹni tó sáré ṣe é lọ́jọ́ kejì kò gé ọjọ́ kankan kúrú.

Àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ tí à ń ṣe fúnra wa nílé nílò sùúrù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹjọ 2022, Àjọ FDA, tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gba àwọn tí àmì àìsàn kò yọ lára wọn nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí wákàtí 48 wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó gbà pé kò sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ń ṣe, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò.

Ṣé kí a pa àyẹ̀wò tì, nígbà náà? Rárá o. Yunifásítì Notre Dame ní Amẹ́ríkà ṣe àyẹ̀wò fún akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 11,000 kí wọ́n tó dé lọ́dún 2020, wọ́n rí i lára 33. Ènìyàn 33 tí ì bá wọ inú ibùgbé lọ ràn án nìyẹn. Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kan náà, wọ́n kéde pé àwọn ń kó ẹ̀kọ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí àrùn ti ń tàn, tó jẹ́ pé àpèjọ ìta ọgbà ni wọ́n tọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ dé. Èmi kò ní sọ pé àyẹ̀wò yẹn ló kùnà. Ó lè jẹ́ pé ó fo àwọn kan dá, ó lè jẹ́ pé àwọn mìíràn kó o lẹ́yìn tí wọ́n dé, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ méjèèjì. Ní Yunifásítì Illinois ní Urbana-Champaign, itọ́ ni wọ́n ń gbà fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, síbẹ̀ àrùn pọ̀ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà náà, nítorí àwọn kan tó ti mọ̀ pé ó wà lára àwọn ṣì jáde lọ sí pátì.

Nítorí náà, bí mo bá ń palẹ̀ mọ́ fún ọmọ ara mi, mo máa dín ìpàdé àti àlejò kù fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn àjò. Pátì ìdágbére á lọ síta gbangba, tàbí kó má wáyé rárá. Àyẹ̀wò á súnmọ́ ọjọ́ ìrìn àjò, òmíràn á sì wà láàárín ọjọ́ 3 sí 5 lẹ́yìn tó bá dé. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì ni àwọn ènìyàn kì í ṣe, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló lè rí ohun tó kó lọ́nà. Títí èsì yẹn á fi jáde, ìbòmú nínú yàrá, fèrèsé ní ṣíṣí, oúnjẹ lọ́tọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára náà ní láti fún un ní bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó fọkàn tẹ̀ ẹ́. Kó sì ti bi ilé-ẹ̀kọ́ kó tó kúrò nílé: bí wọ́n bá rí i lára mi, yàrá wo ni mo máa sùn, ta ló máa gbé oúnjẹ wá fún mi? Kò dá mi lójú pé gbogbo èyí á dí ọ̀nà tán. Ó ṣeé ṣe kó dín in kù púpọ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹni tí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lọ́jọ́ kẹta tó wọlé, tó wá ń sọ pé eruku ọ̀nà ni, nítorí pé wọ́n ti yẹ òun wò nílé. Èsì ilé ti di ti àná. Kó wọ ìbòmú, kó tún àyẹ̀wò ṣe lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì sọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kí ilẹ̀ tó ṣú.