Ariwo kọ́ ni iṣẹ́ Dobermann

“Ọ̀gá, ẹ bá mi mú kí ajá yìí gbóná.” Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń fa Dobermann wá sọ́dọ̀ mi pé kí n kọ́ ọ níṣẹ́ ìṣọ́ máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn, ó sì ti sú mi. Ajá á máa dán, àyà rẹ̀ á gbòòrò, orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀ á kún inú ìwé ìran rẹ̀ bámúbámú. Èmi á wá bi olówó rẹ̀ pé nínú gbogbo baba ńlá wọ̀nyí, èwo ni ènìyàn gbé ọ̀pá dojú kọ rí tí kò sá? Wọn kì í mọ̀. Èyí tó gba ife-ẹ̀yẹ níbi ìdíje ẹwà ni wọ́n mọ̀.

Kì í ṣe nítorí ẹwà ni wọ́n ṣe dá ajá yìí sílẹ̀. Agbowó-orí ni Karl Friedrich Louis Dobermann, ará ìlú Apolda ní Jámánì, wọ́n sì ní kíkó ajá tó ń rìn gbéregbère nígboro wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ajá tó máa bá a rìn, tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ló ń wá. Ó kú lọ́dún 1894. Otto Göller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba iṣẹ́ náà ṣe, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ajá náà lọ́dún 1899. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá Jámánì fi ń lò ó. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Marine ti Amẹ́ríkà lọ gba erékùṣù Guam padà lọ́dún 1944, Dobermann ló pọ̀ jù nínú àwọn ajá tó ń bá wọn wọ igbó. Ajá 25 ló kú síbẹ̀, ère Dobermann ni wọ́n sì fi ṣe ìrántí wọn. Lónìí, ẹ lọ wo ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ọmọ ogun: Belgian Malinois àti German Shepherd lẹ máa bá níbẹ̀. Ó ń dùn mí.

Ìgboyà kì í hàn lára ajá tó dúró jẹ́ẹ́ níwájú adájọ́ ẹwà. Adájọ́ lè rí orí tó gùn, ó lè rí ẹ̀yìn tó tẹ́jú, kò lè rí ohun tí ajá á ṣe nígbà tí ọ̀pá bá ròkè lé e lórí. Bí ẹni tó ń sin ajá kò bá dán an wò, kò lè mọ ìwà tí àwọn ọmọ ajá náà máa jogún. Ní Jámánì, ẹgbẹ́ Dobermann ní ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní ZTP. Akọ àti abo gbọ́dọ̀ yege níbẹ̀ kí wọ́n tó lè bímọ lábẹ́ ẹgbẹ́ náà, kíkojú ẹni tó ń halẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn, kí ajá ṣáà ti ní ìwé. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sìn ín ló mọ̀ọ́mọ̀ yan àwọn tí ìwà wọn rọ̀, torí orúkọ burúkú tí ajá náà ní láàárín aráàlú. Ẹni bíni là á jọ. Èmi lè tún ohun tó wà nínú ajá ṣe, mi ò lè fi ohun tí kò sí níbẹ̀ síbẹ̀.

Ẹnu ajá ni mo máa ń wò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tàn yín jẹ. Bí olùrànlọ́wọ́ mi bá wọ àpò apá tó nípọn, tó wá kọ lu ajá, ajá tó nígboyà á la ẹnu gbàgà, á gba apá náà wọlé títí dé eyín ẹ̀yìn, á dì í mú, á sì dákẹ́. Bí olùrànlọ́wọ́ bá fi ọ̀pá tó rọ̀ nà án lẹ́gbẹ̀ẹ́, ńṣe ni yóò tún ẹnu tì wọlé sí i. Bí mo bá ní kó tú u, á tú u, á máa ṣọ́ ọ. Èyí tí kì í bá tú u, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò tíì pé. Ajá tí ẹ̀rù ń bà yàtọ̀ pátápátá. Eyín iwájú nìkan ló máa fi bù ú, á jáwọ́, á tún bù ú níbòmíì, á máa kùn, ojú rẹ̀ á máa wá ibi tó máa gbà sá, ìrù á wọ abẹ́, irun ẹ̀yìn á dìde ṣánṣán. Ẹni tí kò mọ̀ á pàtẹ́wọ́ pé ajá burú. Kò burú rárá. Ó ń bẹ̀bẹ̀ ni, kí ẹni yẹn ṣáà kúrò níwájú òun. Bí ẹni yẹn bá kọ̀, tó tún tẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn ẹ̀yin olówó rẹ̀ ni ajá náà máa sá gbà. Nínú IGP, ìdánwò tí wọ́n fi ń wo ajá iṣẹ́ kárí ayé, máàkì 100 ni ìtọpa, 100 ni ìgbọràn, 100 ni ìdáàbòbò. Ẹ̀ka mẹ́ta ni, ẹ̀ka kan ṣoṣo ló kan ẹnu, àwọn tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi kì í sì í fẹ́ gbọ́ nípa méjì yòókù.

Àwọn kan wà tó ń pe ara wọn ní olùkọ́, tí wọ́n ń po etù ìbọn mọ́ oúnjẹ ajá, tí wọ́n ń so ó mọ́ inú òkùnkùn, tí wọ́n sì ń fi àpò nà án títí yóò fi máa hó yèè sí gbogbo ohun tó bá mì. Etù ìbọn, májèlé ni. Òkùnkùn àti ìyà ń sọ ajá di ojo tó ní eyín, àlejò àti ọmọ ilé yín ló sì máa kọ́kọ́ bù jẹ, torí àwọn ló sún mọ́ ọn jù. Àwọn yìí kan náà ló ń sọ fún yín pé ọpọlọ Dobermann máa ń tóbi ju agbárí rẹ̀ lọ, pé ìdí nìyẹn tó fi ń ya wèrè. Irọ́ gbuu ni. Àwọn tó ń ta “King Dobermann”, èyí tó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, fún yín náà ń jẹ yín lówó ni. Òṣùwọ̀n FCI, àjọ àgbáyé fún àwọn ẹgbẹ́ ajá, ní kí akọ ga tó sẹ̀ǹtímítà 68 sí 72, kó wọn kílò 40 sí 45. Èyí tó bá fò kọjá ibẹ̀ dáadáa, ara rẹ̀ ti wúwo jù fún eré àti fífò tí iṣẹ́ náà ń béèrè.

Ohun tó ń kó mi láyà jù ni àrùn ọkàn. Iṣan ọkàn Dobermann máa ń rọ, ọkàn á fẹ̀, ìlù rẹ̀ á sì dàrú. DCM ni àwọn dókítà ẹranko ń pè é. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2010 láti Yúróòpù rí i lára àwọn Dobermann tó ju ìdajì lọ. Ó lè wà lára ajá fún ọdún mélòó kan láìsí àmì, ikú òjijì sì lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́. Torí pé ó sábà máa ń hàn nígbà tí ajá ti dàgbà, àwọn ọmọ rẹ̀ á ti kún ìta. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n ti máa so Holter, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn, mọ́ ọn fún wákàtí 24 lọ́dọọdún, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀. Pé ó mọ́ lọ́dún tó kọjá kò ní kó mọ́ lọ́dún yìí. Bí wọ́n bá tètè rí i, oògùn wà tó ń fa ẹ̀mí rẹ̀ gùn.

Mo kọ́ akọ kan tí ẹnu rẹ̀ kún, tó tutù nínú ilé, tí ọ̀pá ò lè dẹ́rù bà. Irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀ mọ́. Mo sọ fún olówó rẹ̀ léraléra pé kó lọ ṣe Holter. Ó ní, “Ajá tó ń sáré báyìí, àrùn wo ló fẹ́ ṣe é?” Gbogbo ẹni tó ní abo ló ń gbé e wá bá a, torí òun ni ajá gidi. Lọ́jọ́ kan, ó gbéra láti sáré sí apá olùrànlọ́wọ́ mi, kò débẹ̀. Ó ṣubú ní àárín pápá, ó ti kú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Olówó rẹ̀ ní ọ̀tá ló sa nǹkan sí i, ó fẹ́ lọ bá aláwo. Mo fi dandan lé e pé kí dókítà là á. Ọkàn rẹ̀ ti fẹ̀ rẹpẹtẹ, ògiri rẹ̀ ti tín-ín-rín.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi báyìí, abo ni, ẹnu rẹ̀ kún bíi ti baba rẹ̀. Olówó rẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá akọ tó dára fún un. Mo ní kó kọ́kọ́ gbé e lọ fún Holter, kó tún ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀, akọ tí a bá sì máa wá, kí èsì tirẹ̀ àti ti baba rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi kí n tó wo eyín rẹ̀.