Multi-tool ẹlẹ́nu 30 ò lè ṣe háńgà

Bí èèyàn bá ń wá multi-tool, irinṣẹ́ kékeré kan tí oríṣiríṣi irinṣẹ́ ká sínú ẹ̀, tó máa gbé dání lọ gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè, iye ẹnu tó ní làwọn tó ń tà á fi ń pariwo: èyí ní 12, èyí ní 20, èyí ní 30, àfi bíi pé èyí tẹ́nu ẹ̀ pọ̀ jù ló máa gbé èèyàn délé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ ní lẹ máa bi léèrè. Ẹ dà á délẹ̀ kẹ́ ẹ wo bóòtù ara ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí i pé Allen key 4, 5 àti 6 ló ń ṣe iṣẹ́ jù, àwọn wẹ́wẹ́ bíi 2.5 àti 3 tẹ̀ lé e, T25 tó ní orí bí ìràwọ̀ ni ti páànù bíréèkì. Fi ohun tí wọ́n fi ń já ṣéènì kún un, ó parí. Nọ́ńbà 8 tiẹ̀ tún wà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń fi kinní kékeré kan bọ orí 6, ìyẹn máa ń já bọ́ sínú igbó ni kó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa nílò ẹ̀. Ìyókù, títí kan èyí tí wọ́n fi ń ṣí bíà, ẹrù lásán ni.

Ti táyà ò le. Túúbù kan tó bá táyà yín mu, 26 tàbí 27.5 tàbí 29, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ táyà, pọ́ńpù kékeré, sòlúṣọ̀n àti páàṣì. Ẹni tó ń lo tubeless, ìyẹn táyà tí ò ní túúbù nínú, náà kó mú túúbù o, torí àwọn òkúta etí mímú tó wà lápá Ẹ̀fọ̀n Alààyè lè la ẹ̀gbẹ́ táyà débi pé kò sí nǹkan tí wọ́n máa kì bọ̀ ọ́ tó máa dí i, ibẹ̀ ni ike ọṣẹ ìfọyín tó ti tán, tí wọ́n gé tẹ́ sínú táyà, ti ń wúlò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ wo ẹnu túúbù yín dáadáa: tó bá jẹ́ Presta, èyí tó tín-ín-rín, pọ́ńpù fọkanáísà ò ní gbà á láìsí adapter, kinní kékeré kan tí ò tó eyín àgbàdo méjì.

Ọ̀rọ̀ gidi wà lọ́dọ̀ háńgà, táwọn kan ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti ọjọ́ yìí tí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Ẹ wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, nísàlẹ̀ ibi tí táyà ti so mọ́ férémù, ẹ máa rí irin pẹlẹbẹ kan tí ò ju ìka méjì lọ, bóòtù kékeré ló dè é, òun ni derailleur, apá tó ń sún ṣéènì láti gíà kan bọ́ sí òmíràn, fi rọ̀. Alumíníọ̀mù rírọ̀ ni, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí àpáta, tàbí igi há sáàárín sípóòkù, agbára yẹn á wá ibi tó máa jáde sí, háńgà á tẹ̀ tàbí kó kán, férémù á yè.

Fíúsì inú stabilizer gan-an nìyẹn. NEPA múná dé tìbínú-tìbínú, fíúsì jó, tẹlifíṣọ̀n ò mọ nǹkan kan. Gbogbo wa la sì mọ ọlọ́gbọ́n àdúgbò tó máa ń ní kí lẹ ń ra fíúsì sí, tó máa lọ́ wáyà kọ́pà sójú ẹ̀, iná á tàn, wọ́n á kí i kú iṣẹ́, ó wá dọjọ́ tí iná tún dé tagbára-tagbára, wáyà kọ̀ ò jó, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì ló ń rú èéfín, wọ́n á wá ọlọ́gbọ́n tì. Ohun tí wẹ́dà ń ṣe nìyẹn tó bá gé irin nínípọn tó sì lu ihò sí i dípò háńgà tó kán. Lóòótọ́ kò ní kán mọ́. Férémù ló kàn.

Ibi tí ọgbọ́n háńgà yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ọdúnmọ́dún ni iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gé tiẹ̀ bó ṣe wù ú, ti kẹ̀kẹ́ A ò wọ kẹ̀kẹ́ B. Wàhálà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn fà ni jàre. Lọ́dún 2019 ni SRAM, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́, gbé UDH jáde, háńgà kan ṣoṣo tí oníléeṣẹ́ yòówù lè ṣe férémù bá mu, ọ̀pọ̀ sì ti gbà á. Àmọ́ tòkunbọ̀ tó ti wà ṣáájú ìgbà náà ò sí nínú ẹ̀. Tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ tú háńgà yẹn nílé, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ níwájú lẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi wá ìkejì ẹ̀, torí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pàtẹ l'Ọjà Ọba l'Adó. Kẹ̀kẹ́ irin àtijọ́ tí háńgà ẹ̀ lẹ̀ mọ́ férémù ò nílò èyí, ìyẹn ṣeé tẹ̀ padà.

Kí háńgà tẹ̀ díẹ̀ gan-an, ewu ni. Ẹ dúró sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wò ó: tí derailleur bá ti dà sọ́nà sípóòkù, ẹ má fọwọ́ kan gíà tó fúyẹ́ jù, èyí tí ẹsẹ̀ máa ń wá tí òkè bá ga, torí ibẹ̀ ló ti máa wọ inú sípóòkù. Tó bá wá kán tí kò sí spare, ẹ já ṣéènì, ẹ yọ derailleur kúrò, ẹ gé ṣéènì kó kúrú kó lè máa yí gíà kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ fi quick link, ìdè kékeré tó ń so ẹnu ṣéènì méjèèjì pọ̀, dè é. Quick link náà gbọ́dọ̀ bá iye gíà ẹ̀yìn mu o, ti 9 ò lè ṣe ti 12.

Háńgà tuntun ò wúwo, wọ́n lè fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìjókòó. Kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ tú nylon ẹ̀ wò bóyá bóòtù ẹ̀ wà níbẹ̀, torí wọ́n máa ń ta àwọn kan láìsí bóòtù, èyí tó wà lára kẹ̀kẹ́ sì lè fò wọgbó lọ nígbà tó bá kán.