Ogun ilẹ̀ òkèèrè àti owó epo bẹntiróòlù ní Iléṣà

Iléṣà tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ò ní kànga epo kankan, wúrà ni Ọlọ́run fi sínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, síbẹ̀ tí wọ́n bá yìnbọn níhà Íráànì tàbí Ìráàkì, kì í pẹ́ kó tó kan àpò ọlọ́kadà tó ń ná Ìsọ̀kùn sí ọjà Atákúmọ́sà. Ohun tó fà á ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, Nàìjíríà ń ta epo rọ̀bì sókè òkun, ó sì tún ń fowó ńlá ra bẹntiróòlù tí wọ́n ti fọ̀ wọlé.

Ọdún 1956 ni wọ́n rí epo ní Oloibiri, nígbà tó di 1958 wọ́n ti ń kó o lọ tà. Ilé ìfọpo àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Port Harcourt ní 1965, ti Warri tẹ̀lé e ní 1978, ti Kaduna ní 1980, wọ́n tún kọ́ òmíì sí Port Harcourt ní 1989. Tí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àgbá 445,000 ló yẹ kí wọ́n máa fọ̀ lójúmọ́, àmọ́ àìtọ́jú sọ wọ́n di òkú ẹ̀rọ, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó epo wọlé ló wá gba ọjà náà. Ìtìjú ńlá lèyí jẹ́ fún orílẹ̀-èdè tí epo ń sun nínú ilẹ̀ ẹ̀.

Ìhàlẹ̀ nìkan tó láti gbé owó epo sókè, ìbọn lè má tíì dún rárá. Ẹ wo ojú omi Hormuz láàárín Íráànì àti Oman: ibi tó fún jù níbẹ̀ ò ju nǹkan bíi kìlómítà 33 lọ, ibẹ̀ sì ni epo bíi mílíọ̀nù 20 àgbá gbà kọjá lójúmọ́ ní 2024, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo èyí tí ayé lò. Tí Íráànì bá ti ní òun máa tì í pa, tàbí tí Amẹ́ríkà bá kó ọkọ̀ ogun lọ síbẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò á fowó kún ohun tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ epo, àwọn oníṣòwò á bẹ̀rẹ̀ sí í ra èyí tí wọn ò tíì nílò pamọ́, owó á bá gbéra. Epo tó ti Bonny lórílẹ̀-èdè wa jáde ò dé Hormuz, síbẹ̀ owó tiẹ̀ náà á lọ sókè, torí iye tí wọ́n ń pè ní Brent, ìyẹn iye epo Òkun Àríwá (North Sea), ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀. Dọ́là sì ni, tí náírà bá tún já wálẹ̀ lásìkò kan náà, ìyà di méjì.

Àwọn ilẹ̀ alágbára ti ń torí epo dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ onílẹ̀ tipẹ́. Ní 1951, Mohammad Mossadegh tó jẹ́ olórí ìjọba Íráànì gba iléeṣẹ́ epo lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó di 1953 àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ti lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ àwọn kan níbẹ̀, wọ́n yọ ọ́ nípò. Ní 1956 Nasser tó jẹ́ ààrẹ Íjíbítì sọ ọ̀nà omi Suez di ti Íjíbítì, ni Ísírẹ́lì, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bá gbógun tì í, ọ̀nà omi náà dí, bẹntiróòlù wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n fáwọn aráàlú. Lọ́dún 1973 ẹ̀wẹ̀, àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá ló fi epo ṣe ohun ìjà, wọn ò tà fún Amẹ́ríkà torí ó ń ti Ísírẹ́lì lẹ́yìn, àgbá kan tó wà ní bíi dọ́là 3 fò dé bíi dọ́là 12. Ti Ìráàkì ní 2003 ló dunni jù: Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ní Saddam Hussein tó jẹ́ olórí ibẹ̀ kó ohun ìjà olóró pamọ́, wọ́n ya wọ ibẹ̀ tìbọn-tìbọn, wọ́n wá ohun ìjà náà títí wọn ò rí i, àìmọye èèyàn sì ti kú.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà fúnra wọn ti mọ bó ṣe rí kéèyàn máa retí nǹkan òkèèrè kó tó lè jà. Nígbà ogun Kírìjì, 1877 sí 1893, tí Ògèdèǹgbé Agbógungbórò ṣíwájú Èkìtìparapọ̀ lòdì sí Ìbàdàn, ẹ̀tù àti ìbọn tó ń ti etí òkun wá ni tọ̀túntòsì gbójú lé. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó ló bá Èkìtìparapọ̀ wá ìbọn ìgbàlódé, Ìbàdàn ní tiẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti ọ̀nà mọ́ wọn, ẹ̀tù di ọ̀wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì wá bá wọn pẹ̀tù sí ìjà ní 1886 (ó di 1893 kó tó parí pátápátá), àmọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò padà sílé: ní 1892 wọ́n fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, kò sì pẹ́ tí gbogbo ilẹ̀ yìí fi bọ́ sábẹ́ wọn.

Fún ìgbà pípẹ́, owó ìrànwọ́ ni ìjọba Nàìjíríà fi ń bo ọ̀rọ̀ epo mọ́lẹ̀ kó má baà kan mẹ̀kúnnù. Ọjọ́ kìíní ọdún 2012 wọ́n yọ ọ́, ₦65 di ₦141, aráàlú fárí gá, wọ́n dá a padà sí ₦97. Epo dísẹ́ẹ̀lì ò ní ìrànwọ́ ní tiẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Rọ́ṣíà kọlu Ukraine lóṣù kejì 2022, òun ló kọ́kọ́ gbóná: lítà kan tó wà ní bíi ₦288 lóṣù kìíní ti kọjá ₦770 lóṣù keje. Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé ìrànwọ́ ti lọ, nígbà tó fi máa di oṣù keje, bẹntiróòlù ti dé ₦617.

Ní Iléṣà, pátákó iwájú ilé epo lèèyàn ti kọ́kọ́ ń rí i. Ẹni tó ń ta epo á gun àga, á yọ nọ́ḿbà àná, á fi tòní síbẹ̀, ẹlòmíì á tiẹ̀ ti géètì pa, á ní epo ti tán, kó lè ta èyí tó wà nínú táǹkì ẹ̀ lówó tuntun, ìwà yẹn ò dáa rárá. Ẹ̀yìn ìyẹn làwọn dẹ́rẹ́bà tó ń ná Ifẹ̀, Òṣogbo àti Àkúrẹ́ á fowó lé owó ọkọ̀, tó bá sì ti lọ sókè báyìí, kì í sábà wálẹ̀ bí epo bá tiẹ̀ rọjú. Ìyá tó ń bá wọn lọ ẹ̀gẹ́ náà á fi kún owó abọ́ kọ̀ọ̀kan torí bẹntiróòlù ni ẹ̀rọ ẹ̀ ń mu, télọ̀ tó ń tan jẹnẹrétọ̀ kékeré á ní kẹ́ ẹ fi nǹkan sí owó ìránṣọ, ẹni tó wá ra gàrí lọ́jà ò sì ní mọ̀ pé owó Hormuz wà nínú ohun tóun ń san.

Ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kí, tó lè fọ àgbá 650,000 lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bẹntiróòlù jáde lóṣù kẹsàn-án 2024, èyí tí wọ́n ń kó wọlé sì dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 13 oṣù kẹfà 2025 Ísírẹ́lì kọlu Íráànì, nígbà tó di ọjọ́ 22 Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Fordow, Natanz àti Isfahan níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nukílíà, láàárín ìgbà yẹn Dangote ti sún iye tó ń ta lítà kan fáwọn alágbàtà láti ₦825 sí ₦880, ìgbà tí ìjà rọlẹ̀ ló tó gbé e wá sí ₦840. Lẹ́kí ni wọ́n ti fọ epo ọ̀hún o, kò gba òkun kankan kó tó dé Iléṣà. Àmọ́ iye tí rọ̀bì ń lọ lágbàáyé ni Dangote fi ń rà á, ó tiẹ̀ ń ra lára ẹ̀ láti Amẹ́ríkà torí èyí tó ń rí nílé ò tó o. Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2024 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò láti máa ta rọ̀bì fún un ní náírà, náírà ni wọ́n fi ń san lóòótọ́, àmọ́ iye ọjà àgbáyé ni wọ́n ṣì fi ń ṣírò ẹ̀.