Ìpanilẹ́numọ́: ohun tó jẹ́ àti ìgbà tó bá tọ́

Mo tún rí "sẹ́ńsọ́ṣíìpù" ("censorship" lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí aláṣẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnì kan jáde) nínú àkọsílẹ̀ Yorùbá kan lọ́sẹ̀ yìí, inú sì bí mi. Ta ló yé ní Ọ̀yọ́ níbí? Àwọn mìíràn ń pè é ní "àyẹ̀wò ọ̀rọ̀", èyí tó tún burú jù, nítorí ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò fún ni, ìwòsàn ló ń wá fún ni. "Ìdènà ọ̀rọ̀" sún mọ́ ọn díẹ̀, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò dáa náà ń dènà ọ̀rọ̀. Ìpanilẹ́numọ́ ni kí a máa pè é. Ẹnì kan ní í pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́. Orúkọ yìí kò jẹ́ kí ẹni tó ṣe é ríbi sá sí. Àwọn kan ní orúkọ náà le jù, pé ìjọba lè ní ìdí tó dáa. Kó sọ ìdí náà nígbà náà.

Ní ọjà Akẹ̀sán, bí ẹnì kan bá po yanrìn mọ́ gàrí, oníbàárà á bu díẹ̀ sẹ́nu, yanrìn á máa dún láàárín eyín, ọ̀rọ̀ á di iwájú ìyálọ́jà. Ẹjọ́ nìyẹn. Ìpanilẹ́numọ́ ni kí ẹnì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà ọjà, kó máa dá àpò padà kí ẹnikẹ́ni tó tú u wò. Yanrìn ni o, gàrí ni o, a ò ní mọ̀ láé.

Abala 39 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún wa lómìnira láti sọ̀rọ̀. Abala 45 gbà kí òfin dín in kù nítorí ààbò ìlú, ìlera àti ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, bí òfin náà bá bójú mu láwùjọ tiwantiwa. Mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń sọ lórí rédíò pé kí wọ́n lọ jó ilé aládùúgbò, kí wọ́n gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ síwájú adájọ́ tí yóò gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ a máa pa "ẹyin lohùn" fún mi. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ni òwe yẹn ń kìlọ̀ fún. Kò gbé ẹyin ẹlòmíràn lé ìjọba lọ́wọ́. Láti oṣù kẹfà 2021 di oṣù kìn-ín-ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa mọ́ gbogbo Nàìjíríà, àtẹni tó bú olórí, àtẹni tó kàn ń ta igbá fínfín. Kò sí adájọ́ kankan tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ ní 2022 pé kò bófin mu.