Kí Ẹ Tó Wo Àpótí Ìbò, Ẹ Kọ́kọ́ Bèèrè Ìbọn

Bí orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ogun bá ti fẹ́ dìbò, oríṣi èèyàn méjì ló máa ń dá àwa tí a ń ṣiṣẹ́ àmójútó ìdìbò dúró. Ẹnì kan á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin náà ń pe ìyẹn ní ìbò?" Ẹnì kejì ti rí i nínú ìròyìn bí èrò ṣe tò látàárọ̀ kùtù, ó gbà pé ogun ti tán nìyẹn. Ọjọ́ ìdìbò làwọn méjèèjì ń wò, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni kì í sọ ohun púpọ̀ fúnni. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ pàápàá lè fara balẹ̀ fún ọjọ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká mú Làìbéríà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dìbò láti fi jáde nínú ogun. Ti àkọ́kọ́ tú ká, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì dúró.

Ní ìparí ọdún 1989 ni Charles Taylor, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀ kan, gbé ogun wọ ìlú náà. Lẹ́yìn ọdún méje tí ẹ̀mí ti ṣòfò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, tí àwọn sójà ECOMOG, ìyẹn ọmọ ogun tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rán lọ pẹ̀tù síjà, tó jẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wọn, ti pẹ́ níbẹ̀, wọ́n dìbò ní ọjọ́ 19, oṣù Keje, ọdún 1997. Taylor gba nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò. Ellen Johnson Sirleaf tó tẹ̀ lé e kò rí ìdá 10 gbà. Orin táwọn ọ̀dọ́ ń kọ kiri nígbà ìpolongo ni pé, "Ó pa ìyá mi, ó pa bàbá mi, síbẹ̀ òun ni màá dìbò fún."

Àwọn ará òkèèrè gbọ́ ọ, wọ́n ní orí àwọn èèyàn yìí ti dàrú. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ni wọ́n ṣe. Taylor ló lówó jù, òun ló ní rédíò tí ohùn rẹ̀ ń dé ìgbèríko, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì wà nítòsí tó lè pè wọ́n padà nígbà tó bá wù ú. Bó bá fìdí rẹmi, igbó ló ń padà sí, gbogbo wọn ló sì mọ̀. Ìbò tí wọ́n dì fún un, owó ìtanràn ni, kó lè fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sùn. Ọ̀pọ̀ alámòójútó ló gbóríyìn fún ètò ọjọ́ náà, ojú wọn ò sì fọ́: èrò pọ̀, ìlú pa rọ́rọ́, kò sí ẹni tó ní láti jí àpótí gbé, torí ẹ̀rù ti bá wọn ṣe iṣẹ́ náà tán. Kò pé ọdún méjì tí ìjà tún bẹ̀rẹ̀ ní ìhà àríwá. Nígbà tó fi máa di ọdún 2003, àdó olóró ń já lu Monrovia, olú-ìlú wọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ìbò kan ń bọ̀ ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ìbọn wà. Ní Àǹgólà lọ́dún 1992, ẹgbẹ́ méjèèjì tó ń jà ṣì ní ọmọ ogun tiwọn nílẹ̀ nígbà tí wọ́n dìbò. Jonas Savimbi, olórí ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ UNITA, rí i pé òun gba nǹkan bí ìdá 40, ó ní wọ́n jí ìbò òun, ó sì padà sójú ogun. Ìpele kejì ìbò náà, níbi tó yẹ kí àwọn méjì tó síwájú ti kojú ara wọn, kò wáyé rárá.

Ohun tó yàtọ̀ ní Làìbéríà lẹ́ẹ̀kejì bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó tẹ ìwé ìbò kankan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Taylor fi ìjọba sílẹ̀, ó wá sá di Nàìjíríà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Accra. Ìlà kan wà nínú àdéhùn yẹn tí mo fẹ́ràn gidi: olórí ìjọba fìdíhẹ, igbákejì rẹ̀ àti àwọn mínísítà pàtàkì kò gbọdọ̀ du ipò nínú ìbò tí àwọn fúnra wọn ń ṣètò. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó sójà tó tó 15,000 wá. Ó lé ní 100,000 èèyàn tó jáde pé àwọn fẹ́ kógun sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 28,000 ìbọn ni wọ́n gbà. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀: owó dọ́là 300 wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, ẹni tí kò yìnbọn rí náà wá tò. Ṣùgbọ́n ó tẹ́ mi lọ́rùn kí owó díẹ̀ ṣòfò ju kí ìbọn kù nílẹ̀.

Nǹkan kejì tí mo máa ń wò ni ibi tí wọ́n ti ka ìbò. Lọ́dún 2005, ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti kà á, kí àpótí tó kúrò níbẹ̀. Bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí nìyí: àpótí náà mọ́ gaara débi pé ẹ lè rí inú rẹ̀, nọ́ńbà wà lára ìdè tí wọ́n fi dè é, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú á sì ti kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé wọn láàárọ̀. Bí ìdìbò bá parí, wọ́n á tún un wò bóyá òun náà ni. Wọ́n á ka iye ìwé, wọ́n á fi wé iye ẹni tó dìbò. Ìgbà náà ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé e sókè kí gbogbo ojú rí i, wọ́n á pe orúkọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, iná àtùpà ni. Nígbà tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á lẹ ẹ̀dà èsì mọ́ ara ibùdó náà síta.

Ìwé tí wọ́n lẹ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ọmọ ilé ìwé lè dà á kọ. Bí ẹnì kan bá yí iye kan padà ní Monrovia, ẹ̀dà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kà á. Ìlú tí wọ́n bá ti ń kó àpótí lọ sí ibi kan láìkà á, tí wọ́n ní kí ẹ ṣáà ní sùúrù, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiyèméjì, ẹ tẹra mọ́ ọn.

Èèyàn 22 ló du ipò ààrẹ. George Weah ló síwájú ní ìpele àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìdá 28, Sirleaf ní ìdá 20. Nígbà tí àwọn méjèèjì kojú ara wọn ní ìpele kejì ní ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, Sirleaf gba ìdá 59. Weah pariwo èrú, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tú síta. Ó gbé ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ àjọ elétò ìdìbò, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá, ó jáwọ́. Mi ò rò pé inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n kò ní ọmọ ogun kankan tó lè padà sí, ó sì tún ní ọ̀nà míì, torí ọdún mẹ́fà péré ló kù kí wọ́n tún dìbò.

Kí ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Sekou Conneh tó ṣáájú àwọn ọlọ̀tẹ̀ LURD kò rí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n Prince Johnson, tí ọmọ ogun rẹ̀ pa Ààrẹ Doe lọ́dún 1990, di sẹ́nétọ̀ fún Nimba nínú ìbò 2005 kan náà. Lọ́dún 2011, alátakò fi ìpele kejì sílẹ̀. Lọ́dún 2017, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá ìbò dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n lè gbọ́ ẹ̀sùn. Mo fara mọ́ ìyẹn púpọ̀, torí ẹni tó bá ń lọ kó ìwé fún agbẹjọ́rò, kò ráyè kó ìbọn. Weah yẹn náà ló wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Sirleaf gbé ìjọba fún un ní ọdún 2018, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1944 nìyẹn tí ààrẹ tí wọ́n dìbò yàn yóò gbé e fún òmíràn tí wọ́n dìbò yàn láìsí wàhálà. Lọ́dún 2023, Joseph Boakai fi ìdá kan ààbọ̀ ó dín díẹ̀ na Weah. Kí wọ́n tó kéde èsì ìkẹyìn, Weah ti pè é lórí fóònù láti kí i kú oríire.

Ohun tí ìbò kò tíì fún wọn ni ìdájọ́. Taylor ń ṣẹ̀wọ̀n 50 ọdún nítorí ọwọ́ tó ní nínú ogun Sierra Leone, kì í ṣe nítorí Làìbéríà. Lọ́dún 2009 ni ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ ogun náà ti ní kí wọ́n dá ilé ẹjọ́ àkànṣe sílẹ̀. Oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni Boakai fọwọ́ sí àṣẹ láti dá ọ́fíìsì tí yóò ṣètò rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ní bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo. Mo mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọrin yẹn lọ́dún 1997 ti san owó ìtanràn lẹ́ẹ̀kan, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n tún un san.