"Ẹ̀dínwó ọ̀pọ̀" ni kẹ́ ẹ pè é, ẹ yé pè é ní "ọrọ̀-ajé òṣùwọ̀n"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń túmọ̀ "economies of scale" sí "ọrọ̀-ajé òṣùwọ̀n", ẹ dáwọ́ ẹ̀ dúró. Òṣùwọ̀n wo? Èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹran lọ́jà Kútọ̀ àbí èwo? Ẹni tó bá gbọ́ ọ á máa wá ibi tí wọ́n ti wọn nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì ní rí i.

Ẹ̀dínwó ọ̀pọ̀ lèmi ń pè é. Bí iṣẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iye tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń náni á máa dín kù, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ní ọlọ́jà ló ń ṣe ẹ̀dínwó fún oníbàárà, pé kò bá ibí mu. Kí ló dé tí kò bá a mu? Kí owó dín ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kò sọ pé dandan ni kẹ́nì kan ná ọjà. Àwọn tó ń pè é ní "àgbájọ ọwọ́" ló ń bí mi nínú jù, torí àgbájọ ọwọ́ jẹ mọ́ káwọn èèyàn máa ran ara wọn lọ́wọ́, èyí tá à ń sọ yìí, ẹnì kan ṣoṣo lè ni gbogbo ẹ̀rọ àti páìpù iléeṣẹ́ omi kan, owó á ṣì dín, torí inú ẹ̀rọ àti páìpù gan-an ni ẹ̀dínwó ti ń wá.

Ẹ wo ìkòkò aró. Káwọn ìyá aláró tó ti aṣọ kan bọ̀ ọ́, wọ́n á ti gún ewé èlú, wọ́n á ti sẹ́ omi eérú, wọ́n á dúró fọ́jọ́ mélòó kan kí aró tó mú. Bóyá ìró kan lẹ fẹ́ pa láró o, bóyá ogún ni, wàhálà yẹn ò yí padà, ẹni tó pa ẹyọ kan ṣoṣo ló máa di gbogbo owó èlú àti eérú lé orí ẹyọ kan yẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń ti aṣọ bọ̀ ọ́ ṣáá, aró á ṣá, ibẹ̀ ni ẹ̀dínwó ti tán.

Omi ẹ̀rọ náà nìyẹn. Ní Arakanga n'Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń fa omi Odò Ògùn, ẹni tó ń yẹ omi wò nínú láàbù á gba owó oṣù ẹ̀, ì báà jẹ́ ilé 100 ló ń mu ún, ì báà jẹ́ 10,000. Ti páìpù tún wá yàtọ̀: ẹ yọ èyí tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 100, ẹ fi 200 sí i, tí nínípọn wọn bá dọ́gba, ike tẹ́ ẹ máa lò ò ju ìlọ́po 2 lọ, ṣùgbọ́n ojú ihò tómi ń gbà á di ìlọ́po 4, omi tó sì máa gbé á ju ìlọ́po 4 lọ pàápàá, torí ara páìpù ńlá kì í fa omi sẹ́yìn bíi ti kékeré. N'Abẹ́òkúta tó jẹ́ àpáta lórí àpáta, gbígbẹ́ kòtò páìpù gan-an lowó wà, kòtò páìpù ńlá ò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ju ti kékeré lọ. Ẹ wá wo àwa tá a ń gbẹ́ bóòhù kọ̀ọ̀kan sílé kọ̀ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni pọ́ọ̀mpù, ọ̀tọ̀ ni táńkì, ọ̀tọ̀ ni jẹnẹrétọ̀, ẹlòmíì á sì gbẹ́ ẹ dé àpáta kó má rómi.

Nílẹ̀ England àti Wales, lọ́dún 1974, wọ́n kó àwọn iléeṣẹ́ omi àti ti ìdọ̀tí tó ju 1,000 lọ pọ̀, wọ́n sọ wọ́n di aláṣẹ omi 10. Kò wá túmọ̀ sí pé bó ṣe tóbi tó ló ṣe dáa tó o. Tílé bá ti jìnnà síra, páìpù á gùn, iná tó ń ti omi gòkè á pọ̀, omi á máa jò lójú ọ̀nà, owó á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà.

Ti sókàwéè náà wà níbẹ̀. Táńkà tó wá kó ìdọ̀tí ilé kan ṣoṣo máa jó díṣù lọ, á jó o bọ̀, ilé kan yẹn ló máa san gbogbo ẹ̀. Tí ilé mẹ́ta ládùúgbò kan náà bá pè é lọ́jọ́ kan, tí àyè ṣì wà nínú ẹ̀, ìrìn kan ni, wọ́n á pín owó ẹ̀ sọ́nà mẹ́ta.